Ìgò Tí Wọn Kò Tẹ̀ Pa

Ariwo tó ń jí àwọn ará agbo ilé Bàbá Akínpẹ̀lú láàárọ̀ Sátidé kì í ṣe ti àkùkọ mọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin méjì ni. Ẹ̀yẹolúwa àti Ayọ̀mikún a wọ bàtà ilé-ìwé wọn tó ti gbó, wọn a to ìgò rọ́bà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọn a sì máa fò lé e lórí. Pàù, pàù, pàù. Àlejò tó bá sùn mọ́jú nínú agbo ilé náà lè rò pé ọdún Kérésì ti dé, tí àwọn ọmọdé ti ń yin bángà.

"Kí ni ìgò wọ̀nyí fi ṣẹ̀ yín tí ẹ kò jẹ́ kí arúgbó sinmi?" Màmá Àgbà, ìyá tó bí bàbá Ẹ̀yẹolúwa, ló máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ má bínú sí wa, iṣẹ́ ìjọba ni," Ayọ̀mikún a dá a lóhùn, a kúnlẹ̀ wéré, a sì tún dìde fò.

Iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa ya ìgò rọ́bà àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí yòókù. Wọn yóò kó wọn lọ sí ibùdó kan lẹ́bàá Ọjà Igbó, ọkọ̀ káńsù yóò sì wá gbé wọn lọ sí iléeṣẹ́ tó ń yọ́ wọn, tó ń sọ wọ́n di ohun èlò mìíràn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ni káńsù yàn láti máa bójú tó o ní agbo ilé wọn. Ẹ̀yẹolúwa kò dúró kí wọ́n yan òun. Òun ló lọ bẹ olùkọ́ pé kí wọ́n fi òun sí i, nítorí ní òjò èṣí, ọ̀rá ló dí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tí àgbàrá fi ya wọ yàrá Màmá Àgbà, tó rin gbogbo aṣọ inú àpótí rẹ̀ gbingbin. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti ń bá ọ̀rá ṣọ̀tá.

Ibi tí Ẹ̀yẹolúwa bá sì wà, Ayọ̀mikún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n sì wà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Àwọn ará àdúgbò a máa pè wọ́n ní ìbejì tí ìyá méjì bí. Láràárọ̀, Ayọ̀mikún ni yóò wá pe Ẹ̀yẹolúwa kí wọ́n tó jọ lọ sí ilé-ìwé, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn.

Ọ̀gbẹ́ni Mashood, wolé-wolé tó ń ṣe kòkárí ètò náà, ló kọ́ wọn bí iṣẹ́ ṣe rí. Wọn yóò yọ ìdérí ìgò, wọn yóò bó bébà ara rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn kò gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ìtẹ̀pa yẹn ni olórí iṣẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Mashood wí. "Ìgò tí ẹ kò bá tẹ̀ pa, ẹnì kan á tún un lò. Onítọ̀hún ò sì mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí."

Ó ní ìdí tó fi tẹnu mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bàbá Akínpẹ̀lú, olórí agbo ilé wọn, ń gbin ẹ̀wà lóko. Bí ó bá fẹ́ gbé oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkòrò ẹ̀wà lọ sóko, ìgò omi ló máa ń rọ ọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń ṣe, yóò sì so àkísà pupa mọ́ ìgò náà lọ́rùn. Àmì náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń rákò nínú agbo ilé náà kì í fọwọ́ kan ìgò tó bá ní àkísà pupa. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mashood rí irú ìgò bẹ́ẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Ejò rèé," ó wí. "Ẹ pa á tán kí ẹ tó bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ tó tú àkísà. Inú àpò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ sì kó o sí."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mélòó kan, tí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn geere, tí àwọn ará ilé tí wọ́n ti ń ráhùn tẹ́lẹ̀ sì ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ìgò wá bá wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń bọ̀ láti ilé-ìwé, wọ́n gba oríta Takie kọjá. Ayọ̀mikún fi ìgbọ̀nwọ́ gún Ẹ̀yẹolúwa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yẹ, mo ní ìròyìn tó máa dùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹ."

"Ẹsẹ̀ mi? Kí ló fẹ́ gbọ́?"

"Wọ́n ní ká má tẹ ìgò mọ́."

Ẹ̀yẹolúwa dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ́ńkù Mashood. Mo pàdé wọn níbí lánàá nígbà tí màámi rán mi níṣẹ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ tó ń gba ìgò ti ra ẹ̀rọ tuntun, odidi ìgò ni ẹ̀rọ yẹn sì ń fẹ́. Èyí tá a bá ti tẹ̀, wọ́n á dá a padà."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún gbogbo wa?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ." Ayọ̀mikún wò ó, ó sì fajú ro. "Àbí o rò pé mò ń parọ́ ni? Èmi, fún ìwọ?"

Ojú ti Ẹ̀yẹolúwa. Ọ́fíìsì àwọn wolé-wolé kò jìnnà sí ọ̀nà wọn, ó lè yà síbẹ̀ kí ó béèrè kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń lọ wádìí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò, tí ọ̀rẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ká má purọ́ fún ara wa, ó sì ti ń sú u láti máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní gbogbo Sátidé. Ìdánwò WAEC ń bọ̀, ìwé wà nílẹ̀ tó fẹ́ kà.

"Mi ò sọ pé o parọ́," ó wí. "Ó ti yé mi."

"Èmi ni n ó tiẹ̀ máa kó àwọn ìgò lọ sí ibùdó," ni Ayọ̀mikún fi kún un. "Ìwọ jókòó kàwé ẹ. Ṣebí ọ̀rẹ́ là ń ṣe."

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ tó dùn báyìí, ó yẹ kí èèyàn rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu wò kí ó tó gbé e mì. Ẹ̀yẹolúwa gbé e mì lódidi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ayọ̀mikún mú sálúbàtà tuntun kan wá fún un, ó ní ìyá òun ló ra bàtà méjì, ó ní kí òun mú ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ òun, nítorí ìgò ti jẹ bàtà rẹ̀ tán. Inú Ẹ̀yẹolúwa dùn débi pé ó lọ fi han Màmá Àgbà, ìyá àgbà náà sì gbàdúrà fún Ayọ̀mikún àti ìyá rẹ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Akínpẹ̀lú ti oko dé, ó sì gbé ìgò kan kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àkísà pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yẹ, èyí wà níbí o. O mọ ohun tó yẹ kó o ṣe sí i."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ kú ọ̀nà, sà."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ̀ ẹ́, ó rántí pé ẹ̀rọ tuntun kò fẹ́ ìgò tí wọ́n tẹ̀, ó sì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ìgò kò sì gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà náà. Ó so le. Ó fi bíléèdì gé e kúrò. Ó bu omi sínú ìgò, ó mì ín, ó dà á nù, ó sì wò ó pé ó mọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kí ó wá àpò ọ̀tọ̀ fún un. Ó ní ẹ̀rọ ni yóò sáà yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì sọ ọ́ sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìgò omi àti ìgò míńírà. Báyìí ni àmì tí àwọn ará ilé fi ń dá ikú mọ̀ ṣe kúrò lára ìgò náà, tí ẹsẹ̀ kò sì kàn án. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn ìgbà náà, ìgò omi lásán ló rí.

Yàrá iwájú nínú agbo ilé wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Mercy ló háyà rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, tíṣà sì ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bó ti wù kí ó rẹ̀ ẹ́ tó, Mercy a jókòó ti Ẹ̀yẹolúwa, a sì máa kọ́ ọ ní ìṣirò títí yóò fi yé e. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn rí. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀yẹolúwa ti mọ̀ pé ìṣirò kì í ṣe ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ èèyàn. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ọ̀kadà gbé Mercy dé ẹnu ọ̀nà, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ̀yẹolúwa sáré gbá a mú.

"Áńtí Mercy, kí ló ṣe yín?"

"Mi ò mọ̀. Sóbò ni mo rà ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì wa. Ó korò lẹ́nu díẹ̀, mo rò pé atalẹ̀ ló pọ̀ jù." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Màmá Àgbà gbé epo pupa jáde pé kí wọ́n fún un mu. Aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ sọ pé ọsibítù ló kàn, kì í ṣe epo. Bí wọ́n ti ń gbé Mercy sínú ọkọ̀, ìgò sóbò náà já bọ́ láti inú báàgì rẹ̀, ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yẹolúwa mú un nílẹ̀ kí wọ́n lè fi han dókítà. Ìgbà náà ló rí fọ́nrán òwú pupa tó há sábẹ́ òrùka ọrùn ìgò, níbi tí bíléèdì rẹ̀ kò dé. Ó gbé e sí imú. Lábẹ́ òórùn atalẹ̀, òórùn oògùn ẹ̀wà Bàbá Akínpẹ̀lú wà níbẹ̀, díẹ̀ báyìí.

Wọ́n ní láti pè é kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè ohun tí Mercy jẹ àti ohun tó mu. Màmá Àgbà ní sóbò ni.

"Sóbò nìkan kò lè ṣe èèyàn báyìí, Màmá," ni dókítà wí. "Ó jọ pé ó ti mu májèlé. Oríṣiríṣi ni májèlé, oògùn tó bá pa ọ̀kan kò ran èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ nǹkan kan, kó sọ ọ́ fún mi kíákíá." Ó sì padà wọlé tọ Mercy lọ.

Ẹ̀yẹolúwa di ìgò náà mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan láti tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ló wà tí ẹnì kan fi fà á láṣọ láti ẹ̀yìn. Ayọ̀mikún ni. Ó ti gbọ́ ní àdúgbò, ó sì sáré wá. Wọ́n jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta.

"Ayọ̀, wo ìgò yìí. Ìgò àkísà pupa Bàbá ni. Èmi ni mo kó o sínú àpò, ìwọ lo gbé e lọ sí ibùdó. Báwo ló ṣe dé Under G?"

Ayọ̀mikún ń wo ilẹ̀. "Rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ní báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Áńtí Rose tó ń po sóbò ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ mi. Odidi ìgò ló ń fẹ́, ìgò tá a ti tẹ̀ ò wúlò fún un. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ta ìgò, Ẹ̀yẹ."

"Ọ́ńkù Mashood ńkọ́? Ẹ̀rọ tuntun ńkọ́?"

"Kò sí ẹ̀rọ kankan."

Ẹ̀yẹolúwa wò ó. Ojú Ayọ̀mikún ni, ojú tó ti ń rí láti kékeré, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Kì í ṣe ìgò tó tà ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé ní ọjọ́ tí wọ́n dúró ní Takie, ọmọbìnrin yìí fajú ro fún un pé ó fura sí òun, òun gan-an sì ti mọ̀ pé irọ́ ni.

"Jẹ́ n lọ sọ fún dókítà," ó wí.

Ayọ̀mikún di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wọ́n á lé àwa méjèèjì nílé-ìwé. WAEC ti dé tán. Ìwọ lo gé àkísà yẹn kúrò, kì í ṣe èmi. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ ńkọ́? Níbo lo rò pé mo ti rí i? Màámi ò ra bàtà kankan. Owó ìgò la fi rà á. Tó o bá mú mi, ara ẹ lo mú."

Ẹ̀yẹolúwa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdúrà tí Màmá Àgbà gbà lórí bàtà náà padà sí i létí, ó sì ṣe é bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Ó ronú kan WAEC, ó ronú kan ìtìjú tí yóò bá ìyá àgbà rẹ̀. Ó tún ronú kan Mercy tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bọ́ sálúbàtà náà sílẹ̀ níwájú Ayọ̀mikún, ó sì wọ inú ọsibítù lọ láìwọ bàtà.

"Oògùn kòkòrò ẹ̀wà ló wà nínú ìgò yìí tẹ́lẹ̀, sà," ó wí fún dókítà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo gé àmì rẹ̀ kúrò. Bàbá tó ni ín wà nílé, wọ́n mọ orúkọ oògùn náà."

Wọ́n pe Bàbá Akínpẹ̀lú lórí fóònù, ó ka orúkọ tó wà lára agolo oògùn náà fún dókítà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kíá ni wọ́n gún Mercy ní abẹ́rẹ́ tó yẹ ẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ní ọjọ́ kejì ló tó la ojú, tó sì béèrè omi.

Irọ́ kì í sùn ní ilé ẹni tó bá ti gbà á lálejò, ó máa ń fẹ́ bímọ síbẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ méjèèjì sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Mashood ti wà níbẹ̀, Rose tó ń po sóbò náà sì jókòó sí igun kan, ojú rẹ̀ wú. Ayọ̀mikún ni ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀yẹolúwa ló ní ká má tẹ̀ wọ́n mọ́, mà," ó wí, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Òun ló ní ká máa tà wọ́n. Mo kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ẹ wò ó, òun náà ló tú àkísà."

Ẹ̀yẹolúwa yíjú wò ó. Ó ti rò pé ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, ó sì ti gbọ́ òwe náà lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé òun ni obì.

Rose ló dìde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ra ìgò tuntun fún ohun tí èèyàn máa mu, mo wá ń wá ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí nìkan ni mo mọ̀." Ó na ọwọ́ sí Ayọ̀mikún. "Mi ò rí èkejì rí títí di òní. Mo bi í bóyá ìgò yẹn mọ́. Ó ní ìgò omi ni gbogbo ẹ̀, pé òun fúnra òun ló ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé mo bá ọ pàdé ní Takie?" Ọ̀gbẹ́ni Mashood bi Ayọ̀mikún. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Wolé-wolé náà yíjú sí Ẹ̀yẹolúwa. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò wá bi mí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Mo gbà á gbọ́."

"Ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ló fún ọ níṣẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Mashood wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n Ẹ̀yẹolúwa ìbá fẹ́ kí ó pariwo.

Wọ́n ní kí Ayọ̀mikún lọ jókòó sílé títí di ọjọ́ ìdánwò, kí ó máa wá ṣe WAEC nìkan, lábẹ́ ìṣọ́. Wọ́n yọ Ẹ̀yẹolúwa náà kúrò nínú iṣẹ́ káńsù, nítorí ó gbọ́ òfin, ó sì tẹ̀ ẹ́ lójú. Káńsù ti ibi tí Rose ti ń po sóbò pa. Kò sí ẹni tó jáde nínú ọ̀ràn náà láìfara pa.

Ìyà tó dun Ẹ̀yẹolúwa jù, ilé ló ti bá a. Àwọn ará agbo ilé kò gbé ìgò wá bá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí káńsù rán wá láti rọ́pò wọn lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, wọ́n ní wọn kò ní nǹkan kan, àwọn mìíràn sì ti padà sí dída ọ̀rá sínú gọ́tà. Bàbá Akínpẹ̀lú, tí kì í bínú, pè é jókòó.

"Nígbà tí mo gbé ìgò yẹn kalẹ̀, mi ò gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Mi ò gbé e lé Ayọ̀mikún lọ́wọ́. Ìwọ ni mo pè, ìwọ lo sì ní o mọ̀ ọ́n."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n n ó máa fi ọwọ́ ara mi sin ìgò mi sí oko láti òní lọ." Ó dìde, ó wọlé. Ẹ̀yẹolúwa jókòó síbẹ̀, ó mọ̀ pé ohun tí ọ̀rẹ́ òun fi ojú òun rí, òun náà ti fi ojú bàbá arúgbó yìí rí i.

Bàbá Mercy wá láti Ọ̀yọ́ láti kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Mercy ti pàdánù ìdánwò tó ń ṣe lọ́wọ́ ní yunifásítì, yóò sì sinmi nílé kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yẹolúwa bá a di ìwé rẹ̀ sínú páálí. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pamọ́.

"Dókítà sọ fún mi pé ẹnu ẹ ló gbà mí là," ni Mercy wí. Ó ti rù. "Ọwọ́ ẹ náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mi ò tíì mọ èyí tí n ó máa rántí, Ẹ̀yẹ. Fún mi láyè díẹ̀."

"Ẹ máa lọ dáadáa, Áńtí."

Mercy fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó sì wọ ọkọ̀. Yàrá iwájú náà ṣófo títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ WAEC.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìwé tó kẹ́yìn nínú ìdánwò náà, ìyá Ayọ̀mikún mú ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó mú àwọn àgbà ìjọ méjì dání. Ayọ̀mikún dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Àgbà bí ọkùnrin, kò tilẹ̀ rántí pé obìnrin ń kúnlẹ̀ ni. Ó sọ gbogbo ohun tó ṣe, ó sì sọ ọ́ bó ti rí: irọ́ Takie, bàtà, àti irọ́ tó pa mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ ń fi ìdí ìró nu ojú.

"A kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde," ni Màmá Àgbà wí. "Ẹ̀yẹolúwa, bó o bá ti dárí jì í, sọ ọ́. Bó ò bá tíì dárí jì í, sọ ọ́ náà."

Ẹ̀yẹolúwa wo ojú Ayọ̀mikún. "Mo ti dárí jì ọ́," ó wí, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó na ọwọ́, ó fa Ayọ̀mikún dìde nílẹ̀.

Inú gbogbo wọn dùn. Àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ayọ̀mikún dá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Wọ́n ti fi wá sí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan náà. Ṣé kí n máa wá pè ọ́ láàárọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, Ayọ̀," ni Ẹ̀yẹolúwa dá a lóhùn. "Mi ò bá ọ jà mọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá wá sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́, n ó ní láti jáde lọ wojú ọ̀run fúnra mi."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú Ayọ̀mikún. Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní ọ̀rẹ́, ẹ má sọ pé nítorí ìtàn yìí ẹ kò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn so mọ́, ẹni tó gbé e lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ máa béèrè ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè, ọ̀rẹ́ tòótọ́ kò ní bínú sí i. Ìdọ̀tí tí a sì kó jáde nílé, kò tíì kúrò lọ́rùn wa títí a ó fi mọ ibi tó gúnlẹ̀ sí. Ìdáríjì lè dé ní ọjọ́ kan tí èèyàn bá bẹ̀bẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í bá a dé ní ọjọ́ náà, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ ni yóò jókòó dè é.